Ẹ̀bùn Ọdún fún Ẹni tí Ó Ń Kọ̀wé

  Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, tí ẹ sì tún mú ìwé yìí lọ́wọ́ láti kà á fúnra yín, ẹ̀yin gan-an ni a ń bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́, àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lomé, ní Accra, ní Cotonou àti ní Èkó a bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹni tí yóò ra àgbò a máa wo ojú ọjà, ẹni tí yóò rán aṣọ a ti gbé e lọ fún télọ̀. Ìyá yóò gba aṣọ, bàbá yóò gba fìlà, àwọn ọmọdé yóò gba bàtà. Èyí dára. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó ń kọ̀wé. Ó lè jẹ́ ìyá yín tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó lè jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ olówùú, ẹni tí ó ń kọ iye kílò tí oníkálukú gbé wá sórí ìwọ̀n. Ó lè jẹ́ àáfà tí ó ń da ìwé kọ, tàbí ọmọ iléèwé tí ó ń kọ ìtàn ní ìkọ̀kọ̀, tàbí bàbá àgbà kan tí ó ti pinnu pé òun kò ní kú láìkọ bí àwọn baba ńlá rẹ̀ ṣe tẹ̀dó. Kí ni ó yẹ kí á fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà ọdún?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Ẹni tí ó ti dàgbà kí ó tó mọ ìwé, ìwé náà kò tíì fìdí múlẹ̀ lára rẹ̀. Bí ọdún kan tàbí méjì bá kọjá tí kò rí ohun tí yóò kà, tí kò sì rí ìdí tí yóò fi mú kálàmù, ohun tí ó kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ. Ó dà bí ọ̀nà oko tí a kò rìn mọ́: koríko a bò ó, ọmọ tí ó ni oko pàápàá a sì sọnù lójú ọ̀nà. Àwọn olùkọ́ kíláàsì àwọn àgbà mọ èyí dáadáa. Wọ́n máa ń rí ẹni tí ó ti kọ orúkọ rẹ̀ gaara ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó tún padà wá í tẹ ìka. Nítorí náà ẹ̀bùn tí ẹ ó mú wá lè jẹ́ ohun tí yóò dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sójú ọ̀nà.

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni kálàmù. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín a ń pè é ní bíìkì. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè é ní báírò. Orúkọ ènìyàn ni méjèèjì. László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú kálàmù tí ó ní irin róbótó lẹ́nu ní ọdún 1938. Marcel Bich, tí ó ń ṣòwò ní ilẹ̀ Faransé, ni ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí tálákà lè rà ní ọdún 1950. Ó sì gé lẹ́tà kan kúrò lẹ́yìn orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó fi í pe ọjà rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà sọ pé bíìkì kan ṣoṣo lè fa ìlà tí ó gùn tó kìlómítà méjì sí mẹ́ta kí tàdáwà rẹ̀ tó tán. Ẹ wo iye ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ohun kékeré yẹn!

Nítorí náà, èmi kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti ra kálàmù aláwọ̀ góòlù tí wọ́n tẹ́ sínú páálí olóòfì. Ẹ ti rí i rí. Wọ́n á fún bàbá, bàbá á dúpẹ́, á fi há àpò ẹ̀wù lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sì ní fi kọ ohunkóhun láéláé nítorí pé kò fẹ́ kí ó bàjẹ́. Nígbà tí ó bá sì pinnu láti fi kọ̀wé, tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ, kò sì ní rí irú rẹ̀ rà. Ẹ fún un ní bíìkì lásán méjìlá, búlúù mẹ́jọ àti pupa mẹ́rin. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò lo pupa fún gbèsè, yóò lo búlúù fún èyí tí a ti san, bí ó bá sì sọ ọ̀kan nù lórí kẹ̀kẹ́, kò ní bá a sunkún.

Ẹ fi pẹ́ńsù kún un, pẹ̀lú rọ́bà ìparẹ́. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ti ọmọdé ni pẹ́ńsù, ṣùgbọ́n èdè wa nílò rẹ̀ ju èdè Faransé lọ. Ọkọ wà, ọkọ́ wà, ọkọ̀ wà, ọ̀kọ̀ sì wà; ìyàwó tí ó kọ ọ́ láìfi àmì sí i pé ọkọ òun ti bàjẹ́, ẹni tí ó gba lẹ́tà náà kò mọ̀ bóyá kí òun rán alágbẹ̀dẹ wá ni tàbí kí òun bá a dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ̀wé a máa bẹ̀rù àmì. Ẹ sọ fún un pé kí ó fi bíìkì kọ ọ̀rọ̀ náà lọ títí, kí ó má dúró. Lẹ́yìn náà kí ó ka ohun tí ó kọ sókè, kí ó fi etí gbọ́ ibi tí ohùn ti lọ sókè àti ibi tí ó ti wálẹ̀, kí ó fi pẹ́ńsù fi àmì sí i. Bí ó bá ṣì í, rọ́bà wà níbẹ̀. Ẹ̀rù yóò dín kù.

Àáfà ní tirẹ̀ lè má nílò bíìkì. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ń kọ sórí wàláà fún àwọn ọmọ kéwú, kàlámù ẹ̀ka igi ni ó mọ̀ lọ́wọ́, tàdáwà tí ó pò fúnra rẹ̀ ni ó sì fẹ́ràn. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ìwé tí ó funfun, tí ó nípọn, tí tàdáwà onómi kì í fọ́n lójú rẹ̀, ni ó sábà máa ń ṣòro fún un láti rí. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lomé, ẹ bá a mú un bọ̀.

Ní ti ìwé kayé, ẹ má wo àwòrán agbábọ́ọ̀lù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣí i. Ẹ fi bíìkì fa ìlà kékeré sí igun ojú ewé kan, ẹ yí ewé náà padà: bí tàdáwà bá hàn lẹ́yìn, ẹ fi kayé náà sílẹ̀ fún oníṣòwò. Ẹ wo ìlà rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó pọ̀ ní ọjà wa jẹ́ ti àwọn iléèwé Faransé: láti ìlà tí ó hàn dáadáa kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà mẹ́jọ, àwọn ìlà tín-ín-rín mẹ́ta sì wà láàárín. Fún Faransé ó dára. Fún èdè wa tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní tótó nísàlẹ̀, ó máa ń há. Àmì ọ̀rọ̀ kan a lọ wọnú ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó wà lókè rẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ ra kayé olójú ewé 200 dípò 100, kí ẹ sì sọ fún olúwarẹ̀ pé kí ó máa fo ìlà kan. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ fi ìwé ṣòfò. Bí kayé náà kò bá pọ̀ tó, wọn yóò máa kọ ọ́ pọ̀ mọ́ra títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè kà á.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ̀wé yóò kọ ọ́, ohun yòówù tí ó ní lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká sí ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà láti 1967 títí di 1969, ó kọ̀wé sáàárín ìlà àwọn ìwé tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde, ó sì pò tàdáwà fúnra rẹ̀. Ngũgĩ wa Thiong'o, ọmọ ilẹ̀ Kenya, kọ odidi ìtàn àròsọ kan ní èdè ìyá rẹ̀ sórí ìwé ìnùdí ní ẹ̀wọ̀n Kamiti ní ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà. Ìyá yín kò sí lẹ́wọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ohun tí kò sábà máa ń wá sí ọkàn ènìyàn: àpótí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ikán ń ṣe ní ilẹ̀ wa. Ènìyàn yóò fi ọdún mẹ́ta kọ ìtàn, yóò gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ikán yóò gba inú ògiri gòkè, yóò jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ìwé ni. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, erùpẹ̀ ni. Èyí tí ikán kò bá jẹ, eku yóò fi tẹ́ ìtẹ́. Èyí tí eku bá fi sílẹ̀, òjò a wá í parí rẹ̀. Àpótí páànù tí ó ní ìdérí, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń gbé, ni ẹ̀bùn tí èmi yóò kọ́kọ́ rà bí ó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni owó mi ká. Kí wọ́n gbé e ka orí òkúta tàbí bíríkì mẹ́rin, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì kan ògiri, kí ènìyàn lè wo abẹ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ikán kì í fò. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni ó ń là, ẹ ó rí i kí ó tó débẹ̀. (Èyí tí ń fò nígbà òjò kò wá fún ìwé, ìyẹn ti wá í wá àtùpà, ẹ̀yin ọmọdé ni ẹ sì ń jẹ ẹ́.) Nígbà òjò, kí ó fi ọ̀rá wé àwọn ìwé náà kí ó tó kó wọn sínú àpótí, ṣùgbọ́n kí ó máa ṣí wọn sáfẹ́fẹ́ nígbà tí oòrùn bá ràn, nítorí pé ọ̀rá tí ó sé omi mọ́ta náà ni ó ń sé omi mọ́nú.

Àpótí nìkan kò tó, bí ó bá jẹ́ ẹyọ ìwé kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1957, Chinua Achebe ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó. Ó ti fi ọwọ́ kọ ìtàn kan tán. Ó rí ìkéde àwọn tí ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé fún ènìyàn ní London, ó sì dì í, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹyọ kan náà ni ó ní ní gbogbo ayé. Wọ́n ní kí ó san owó, ó san án. Lẹ́yìn náà kò gbúròó wọn mọ́. Oṣù ń gorí oṣù, ó ń kọ lẹ́tà, kò sí èsì. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Angela Beattie, tí ó ń lọ fún ìsinmi ní London. Ó wọ ọ́fíìsì wọn lọ, ó béèrè ìwé náà tìbínú-tìbínú, ni wọ́n bá wá a rí, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà. Ìwé náà ni Things Fall Apart, tí ó jáde ní 1958, tí wọ́n sì ti túmọ̀ sí èdè tí ó ju àádọ́ta lọ. Achebe fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bí ó bá ti sọnù ni, ó ṣeé ṣe kí òun pa ìwé kíkọ tì.

Bàbá yín ní Kambolé kò ní Angela Beattie. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀bùn ṣe é fún un. Ẹni tí ó bá wá ṣọdún pẹ̀lú fóònù tí ń ya àwòrán, kí ó jókòó ti bàbá ní ọ̀sán kan. Kí wọ́n gbé kayé náà síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti mọ́lẹ̀ sójú ìwé, kí ó ya á ní ewé kọ̀ọ̀kan, kí ó wò ó bóyá ó ṣeé kà kí ó tó ṣí ewé tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó bá dé Lomé tàbí Accra, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sílé, kí ó sì fi ọ̀kan pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwọn tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè gbé kayé lọ sí ilé fótókópì. Kí ẹ̀yin fúnra yín dúró tì í kí wọ́n tó ṣe é tán; ẹ má fi í sílẹ̀ pé ẹ ó padà wá í gbà á lọ́la.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí pé ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kúrò nínú kíláàsì ju ọ̀lẹ lọ. Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ ọmọ ogójì ọdún tàbí tí ó ti lé díẹ̀, ojú a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó wà nítòsí. Ó ń rí màlúù ní òdìkejì odò, kò rí lẹ́tà tí ó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe àrùn, ọjọ́ orí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé orí òun ti le jù, pé ìwé kò gbọ́ tòun. Ó tijú, ó dúró sílé. Ẹ ó mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá wò ó: yóò na ọwọ́ jáde tán bí ó bá fẹ́ kàwé, yóò lè kà á ní gbangba oòrùn ṣùgbọ́n kò ní lè kà á nínú yàrá, yóò sì máa pe ọmọdé láti bá a fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Awò ojú ni ẹ̀bùn tirẹ̀. Àwọn awò tí wọ́n ṣe fún ìwé kíkà nìkan a máa ní nọ́mbà lára: 1, 1.5, 2, títí dé 3 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń pọ̀ ni nọ́mbà tí ènìyàn nílò ń ga. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n rà á ní Accra kí ẹ wá fi bo ìyá lójú. Ẹ mú ìyá fúnra rẹ̀ lọ, kí ó gbé ìwé yìí lọ́wọ́, kí ó gbìyànjú ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ó mú èyí tí ó fi rí lẹ́tà kedere láìna ọwọ́. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹyinjú ti ń funfun, tàbí ojú ń ro ó, tàbí ojú kan ríran ju èkejì lọ gan-an, ẹ má ra awò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá. Ilé ìwòsàn ńlá ní Sokodé ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n wò ó. Owó ọkọ̀ náà lè jẹ́ ẹ̀bùn ọdún.

Lẹ́yìn awò ni àtùpà. Ẹni tí ó ń roko lọ́sàn-án, alẹ́ ni yóò kọ̀wé. Àtùpà kékeré tí ń gba agbára lára oòrùn ti wà káàkiri báyìí. Ẹ ra èyí tí ó ní ọrùn tí ó ṣeé tẹ̀ sójú ìwé, kì í ṣe èyí tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àjà. Ó tán.

Ìwé kíkà náà ń kọ́? Ẹni tí ó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ kàwé, bí ẹni tí ń ta ọbẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tọ́ ti ẹlòmíràn wò. Ẹ ò mọ ohun tí ìwé kan lè fà. Tété-Michel Kpomassie, ọmọ ilẹ̀ wa Togo, ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí ó rí ìwé kan nípa ilẹ̀ Greenland ní ilé ìtàwé kan ní Lomé. Ilẹ̀ tí yìnyín bò ni, tí kò sí igi níbẹ̀, tí kò sì sí ejò. Ejò ti kó o láyà jẹ rí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó kúrò nílé, ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ó sì dé Greenland ní ọdún 1965. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn àjò náà jáde ní ọdún 1981, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá láàárín àwọn tí ń kọ̀wé ní èdè Faransé. Ní èdè tiwa, ìwé Fágúnwà ṣì ń tà láti ọdún 1938 tí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde, ẹni tí ó bá sì ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ lè rí i rà. Ẹ̀ka èdè tiwa níhìn-ín, tí àwa àti àwọn ará Manigri ní ilẹ̀ Benin jọ ń sọ, yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú ìwé. Ẹ kìlọ̀ fún olùkàwé náà pé kí ó má jẹ́ kí ìyẹn dá òun dúró. Kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ tí kò yé e sílẹ̀ nínú kayé kékeré, kí ó wá ẹni tí yóò bi.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí lẹ́tà, nítorí pé ẹ̀bùn tí kò ná yín ní ohun púpọ̀ nìyí, òun sì ni ọ̀pọ̀ yín kì í fúnni. Ẹ jẹ́ kí a mú ìyá kan bí àpẹẹrẹ, ẹni àádọ́ta ọdún, tí ó ń ta gàrí. Ó lọ sí kíláàsì àwọn àgbà fún ọdún méjì. Ní ọjọ́ kan ó mú ewé ìwé, ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Accra. Ìlà mẹ́fà péré ni; ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kọ ọ́. Ó fi rán awakọ̀. Nígbà tí ọmọ náà rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sáré gbé fóònù: “Ìyá mi, mo rí lẹ́tà yín o! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ ṣeun o.” Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ ó ní ọmọ dáadáa ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwé ni ìyá rẹ̀ ń retí. Ó fẹ́ mú un jáde lọ́jà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kà á, kí ó pa á, kí ó tún un kà nígbà tí ó bá kù ú nìkan ní alẹ́. Ohùn inú fóònù kò ṣeé fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìyá náà yóò ronú pé, kí ni mo tún fẹ́ kọ sí? Nígbà tí fóònù yá jù. Kò ní kọ èkejì.

Nítorí náà, ẹ fún un ní èsì. Ẹ kọ ọ́ ní èdè tí ó fi kọ tirẹ̀, kì í ṣe Faransé, kì í sì ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kó bọ̀ láti Accra. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹ fi àmì sí i. Ẹ bi í ní ohun tí òun nìkan mọ̀: orúkọ ìyá tí ó bí ìyá rẹ̀, ọjọ́ tí òjò ńlá wó ilé bàbá àgbà, ewé tí wọ́n ń fi sínú ọbẹ̀ kan tí ẹ̀yin kò rí irú rẹ̀ jẹ mọ́. Ìbéèrè tí kò ṣeé fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” dáhùn ni kí ẹ bi í. Kí ẹ fi àpòòwé òfìfo àti ewé ìwé mélòó kan sínú tiyín, kí ẹ ti kọ orúkọ ara yín sẹ́yìn àpòòwé náà. Àwọn kan wà tí wọ́n ti kàwé jìnnà, tí wọ́n á fi bíìkì pupa ṣàtúnṣe lẹ́tà ìyá wọn, tí wọ́n á sì fi ránṣẹ́ padà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Bí ó bá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣì, ẹ lo ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ nínú èsì yín. Yóò rí i fúnra rẹ̀, kò ní sọ fún yín pé òun rí i, lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e yóò sì tọ́.

Ẹ̀bùn kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì wúwo jù. Ní ìlú New York, ní Kérésìmesì ọdún 1956, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harper Lee wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tọkọtaya kan. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ó ń bá àwọn èrò gba ìwé ìrìnnà. Ìgbà tí ó bá ti iṣẹ́ dé ni ó ń kọ̀wé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi àpòòwé kan sórí igi Kérésìmesì. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni owó tí yóò fi jẹun fún odidi ọdún kan, kí ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì kọ ohun tí ó bá wù ú. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀, To Kill a Mockingbird, jáde ní 1960, ó sì ti tà tó ogójì mílíọ̀nù ẹ̀dà.

Owó odidi ọdún kan! Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwa náà ní irú rẹ̀ níhìn-ín, láti ọjọ́ àwọn baba wa, a kò kàn rántí lò ó fún akọ̀wé ni: ọ̀wẹ̀. A ń bẹ̀ ọ̀wẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé, a ń bẹ̀ ẹ́ fún àna. Kí ni ó dé tí a kò lè bẹ̀ ẹ́ fún bàbá tí ó ń kọ ìtàn ìlú? Kò ṣaláìní ìwé, kò sì ṣaláìní bíìkì. Ebè iṣu ni kò jẹ́ kí ó parí ìtàn náà. Ó ń rántí orúkọ kan lóko, kí ó tó délé, ó ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn tí ó mọ orúkọ náà pẹ̀lú rẹ̀ sì ń kú tán.

Bí ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ bá wá ṣọdún láti ìdálẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà kí wọ́n tó fún un ní ọjọ́ kan péré. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi í sí ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀, nítorí ẹran àti àlejò. Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin dára. Kí àwọn obìnrin ilé ti mọ̀ ṣáájú nítorí oúnjẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọkọ́ tirẹ̀ wá, kí ẹ sì jáde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ tẹ́ ẹní fún bàbá lábẹ́ igi ní ẹ̀bá oko, ẹ gbé kayé, bíìkì, awò àti omi mímu ka iwájú rẹ̀, kí ọmọdé kan tí ó mọ̀wé jókòó tì í kí ó lè máa bá a kọ ọ́ bí ọwọ́ bá ro ó. Ẹ̀yin ẹ bọ́ sóko. Bí ó bá dìde pé òun fẹ́ wá fi bí wọ́n ṣe ń kọ ebè hàn yín, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹní rẹ̀.